Róòlù Karùn-ún Ló Ṣáájú

Tírí-tírí-tírí-tírí. Bí ẹ̀rọ sinimá ṣe máa ń dún nìyẹn, bí ìgbà tí wọ́n da ọgọ́rùn-ún ìrẹ̀ sínú igbá kan tí wọ́n wá dé e mọ́ wọn lórí. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí Bàbá ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn, síbẹ̀ kò yé wá ìró náà kiri. Bí ẹ̀rọ ìfọṣọ ọmọ rẹ̀ bá ń yí nínú ilé ìdáná, á tẹ́tí sí i. Bí òjò bá ń lu fèrèsé ilé alájà mẹ́sàn-án tí wọ́n ń gbé, á tẹ́tí. Lẹ́yìn náà á mi orí, á ní, "Kò jọ ọ́," bí ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ aládùúgbò wò tí iyọ̀ ò dé e.

Láyé ìgbà yẹn, Tanná-Paná ni gbogbo ìlú ń pè é. Òun ló ń pa iná gbọ̀ngàn sinimá bí fíìmù bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì ń tàn án bó bá parí, láìkìlọ̀, tí àwọn tó di ara wọn lọ́wọ́ mú á sì máa wá ibi tí wọ́n máa fi ọwọ́ pamọ́ sí. Yàrá tó ti ń yí fíìmù wà lókè téńté, ó kéré bí àpótí aṣọ, ó gbóná bí ààrò, àkàsọ̀ onípele mọ́kànlá ni wọ́n sì fi ń gùn ún. Láti ojú ihò kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló ti ń wo ìpàkọ́ gbogbo aráàlú. Bí ọkùnrin kan bá ti ń pá lórí, Tanná-Paná ti mọ̀ kí ìyàwó onítọ̀hún tó fura.

Lónìí, kò sí ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ń pè é ní Bàbá. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ń pè é ní Bàbá àgbà. Dókítà eyín ń pè é ní "ẹni tó kàn."

Nọ́ńbà mẹ́rin ló wà nínú fóònù rẹ̀: ti ọmọ rẹ̀, ti ọmọ ọmọ rẹ̀, ti dókítà eyín, àti ti Télọ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń lò. Ti ẹ̀kẹrin yìí, ó tó ọdún mẹ́ta tó ti ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i tó sì ń pa á rẹ́. Télọ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ tí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ní. Bí ọ̀kan bá ń wà á, èkejì á jókòó sẹ́yìn, á máa kìlọ̀ fún un nípa kòtò tí wọ́n ti kọjá. Ìjà kan ló dé tí wọn ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, Bàbá ló sì jẹ̀bi. Kì í ṣe pé ó jẹ̀bi díẹ̀. Ó jẹ̀bi bí ewúrẹ́ tí wọ́n bá nínú ìṣà iyán.

Ọmọ Télọ̀ ló fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́, pẹ̀lú gbólóhùn kan: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Bàbá mi ní kí n fún yín ní nọ́ńbà àwọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ mọ ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ."

Bàbá mọ ọ̀rọ̀ náà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Télọ̀ ti lé lọ́gọ́rin ọdún, òun náà ti ń súnmọ́ ọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lọ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó jáde, a jẹ́ pé ó tán nìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọ ọmọ rẹ̀ wọlé wá, ó bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà, ó da ọwọ́ sẹ́yìn. Ìrìn ìyá Bàbá ni ọmọbìnrin yìí ń rìn láti kékeré, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Kékeré. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe géèmù, irú èyí tí àwọn ènìyàn máa ń di páàdì mú níwájú tẹlifísàn, tí wọ́n á máa ṣẹ́jú bí ẹni tí ata ta sí lójú.

"Bàbá àgbà, ẹ wẹ̀ dáadáa lọ́la o. A jọ ń lọ síbi iṣẹ́ mi ni."

"Kí ni mo fẹ́ ṣe níbẹ̀? Ṣé wọ́n ń gba arúgbó síṣẹ́ ni?"

"Ọ̀gá wa ní kí kálukú mú fíìmù tó fẹ́ràn jù lọ wá, kó sọ bó ṣe máa dáa ní géèmù. Èyí tó bá dáa jù lára wọn la máa ṣe. Èmi mú tiyín."

"Tèmi wo?"

"Awakọ̀ rélùwéè tó kú tó tún jí, ṣé a tún ní òmíràn ni?"

Tíì tó wà lẹ́nu Bàbá gba ọ̀nà òdì lọ. Ó wúkọ́ títí Ìyá Kékeré fi ń gbá a lẹ́yìn.

"Ẹ rọra, ẹ rọra. Ṣé inú yín dùn tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ó dùn," ni Bàbá wí, omi ń jáde lójú rẹ̀. "Ó dùn gan-an ni."

Ó yẹ kí a mọ bí fíìmù yẹn ṣe rí, fíìmù tí wọ́n ká sórí róòlù mẹ́fà. Awakọ̀ rélùwéè kan wà, ó ní fìlà ńlá kan. Ìyàwó rẹ̀ ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé ibùdókọ̀. Àwọn olè wá jí ọkọ̀ rẹ̀ gbé, odindi rélùwéè, èédú rẹ̀ àti fèrè rẹ̀. Awakọ̀ náà gbá tẹ̀ lé wọn. Nínú róòlù kẹrin, ó bá wọn jà lórí òrùlé ọkọ̀ tó ń sáré. Nínú róòlù karùn-ún, wọ́n tì í bọ́ láti orí afárá, ó kú, wọ́n sin ín, ìyàwó sì sunkún. Nínú róòlù kẹfà, ìyàwó yìí fúnra rẹ̀ gun ọkọ̀ náà, ó gbà á padà, ó wà á wálé. Ó parí.

Bí àwọn tó ṣe é ṣe ṣe é nìyẹn. Kì í ṣe bí ìlú Bàbá ṣe wò ó nìyẹn.

Inú agolo pẹrẹsẹ ni róòlù kọ̀ọ̀kan máa ń wà, ara ìdérí agolo ni wọ́n sì máa ń kọ nọ́ńbà sí, kì í ṣe ara fíìmù. Lọ́jọ́ tí fíìmù náà dé, Tanná-Paná kó agolo mẹ́fà lé èjìká lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ọmọbìnrin kan ń wo òun nísàlẹ̀. Ní ìpele kẹjọ àkàsọ̀, ẹsẹ̀ yọ̀. Agolo méjì ṣí. Ó sáré gbé wọn, ó dé ìdérí tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ mọ́ èyí tó wà nítòsí, ó yí ojú sísàlẹ̀ láti mọ̀ bóyá ọmọbìnrin náà rí i. Ó ti lọ.

Bí róòlù karùn-ún ṣe ṣáájú ẹ̀kẹrin nìyẹn. Lójú gbogbo ìlú, awakọ̀ já bọ́ láti orí afárá, ó kú, wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ lé e lórí. Àwọn obìnrin gbá orí mú. Tanná-Paná pààrọ̀ róòlù, iná tàn lójú aṣọ sinimá, ọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin sì yọ lórí òrùlé rélùwéè, ó ń fọ́ àwọn olè létí! Ariwo tó sọ nínú gbọ̀ngàn náà, ẹni tó bá wà lọ́jà gbọ́ ọ. Àwọn kan dìde dúró lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá arúgbó kan tó wà níwájú ń pariwo pé, "Mo sọ fún yín! Mo sọ fún yín!" bẹ́ẹ̀, kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Èdè tí wọ́n ń sọ nínú fíìmù náà kò yé ẹnìkan ní gbogbo ìlú, nítorí náà, kò sí ẹni tó lè bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Fìlà ló tú àṣírí fún Tanná-Paná. Ọjọ́ kẹta ló rí i pé lórí òrùlé ni atẹ́gùn ti ṣí fìlà awakọ̀ lọ, àmọ́ nígbà tó kú ṣáájú ìyẹn, kò ti sí fìlà lórí rẹ̀. Ó kú láìní fìlà, ó jí tòun ti fìlà. Ó wo ìdérí, ó wo róòlù, ó rí i pé òun ti pààrọ̀ wọn. Ó yẹ kó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ láti lọ sọ fún olówó gbọ̀ngàn, ó bá àwọn èrò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti wá láti abúlé mẹ́rin láti wá wo ọkùnrin tó jí dìde. Ó sì gbọ́ tí akápò ìjọ kan ń ṣàlàyé fún ẹlòmíràn pé, "Fìlà yẹn? Ọ̀run ni wọ́n ti fún un. Ṣé o ò rí i bó ṣe mọ́ ni?"

Tanná-Paná padà sókè. Ọ̀sẹ̀ méje ló fi ń jí ọkùnrin náà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, lẹ́ẹ̀mẹta ní Sátidé.

Àfi ìgbà tí Télọ̀ lọ ra òwú àti bọ́tìnnì ní ìlú ńlá, tó ráyè wọ sinimá ibẹ̀. Bó ṣe dé, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ yà sí, níbi tí gbogbo ọkùnrin ìlú ti ń jókòó, pẹ̀lú ẹni tí wọ́n ń fá lórí àti ẹni tí kò nírun kankan.

"Ẹ gbọ́ o," ni Télọ̀ wí. "Ọkùnrin yẹn ò jí. Ó kú pátápátá ni. Ìyàwó rẹ̀ ló gba ọkọ̀ padà. Fíìmù ìyàwó ni, kì í ṣe fíìmù ọkọ!"

Gbogbo ojú yí sí Tanná-Paná, tí wọ́n ti fá ìdajì orí rẹ̀.

"Tanná-Paná, ìwọ tó ń yí i. Ó jí àbí kò jí?"

Ó lè sọ òótọ́ nígbà yẹn. Gbólóhùn kan ni. Àmọ́ ó wo àwọn ojú tó yí i ká, ó ronú nípa abúlé mẹ́rin àti ìyá arúgbó, ó sì rí i pé bí òun bá ní kò jí, òun gan-an ni wọ́n máa sin.

"Ó jí," ló sọ. "Télọ̀ ló sùn."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, onígbàjámọ̀ fi abẹ gé ẹnìkan létí. Láti ọjọ́ yẹn, Télọ̀ ò ní orúkọ mìíràn mọ́ ju Sùn-ní-Sinimá lọ. Bó bá wọn ṣòkòtò fún ènìyàn, onítọ̀hún á ní, "Ṣé o ò sùn nígbà tí o ń wọ̀n ọ́n?" Nílé ìwé, Ọmọ Sùn-ní-Sinimá ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó gun àkàsọ̀ onípele mọ́kànlá wá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Èmi àti ìwọ nìkan la wà níbí. Sọ òótọ́ fún mi, kí o sì lọ sọ ọ́ fún wọn."

"Òótọ́ wo?"

Télọ̀ kọjú sí àkàsọ̀. "Ó dáa. Ọjọ́ tí o bá sọ ọ́, kí o wá mi wá."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà tí ìrìnàjò dé fún Tanná-Paná, ìrìnàjò tó ní ọdún méjì lòun fẹ́ lò. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ọdún méjì àwọn tó ń lọ sókè òkun.

Ohun tó wá burú jù ni pé ó gbé irọ́ náà dání lọ. Òun ló fi ń rẹ Ìyá Kékeré lẹ́kún nígbà tó wà lọ́mọdé, tòun ti fìlà ọ̀run.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dé ibi iṣẹ́. Yàrá ńlá kan ni, àwọn àga rẹ̀ ń yí bírí. Sálúbàtà ni gbogbo wọn wọ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ọ̀gá wọn jẹ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n yọ̀ọ̀yọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí Bàbá, rùngbọ̀n rẹ̀ ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Obìnrin kan tó ń ya àwòrán wà níbẹ̀, òun ló fún Bàbá ní àga. Bàbá jókòó, àga yí i kọjú sí ògiri. Wọ́n yí i padà.

Àwọn mìíràn kọ́kọ́ sọ tiwọn. Ọ̀kan mú fíìmù ogun, ó ní kí ẹni tó ń ta géèmù bí ẹni ta ayò máa yìnbọn. Ẹnìkejì mú fíìmù ìfẹ́, ó ní kí ẹni tó ń ta géèmù máa yìnbọn. Ọ̀gá fi ọwọ́ ra rùngbọ̀n, ó mí kanlẹ̀.

Ìyá Kékeré bọ́ síwájú, ó da ọwọ́ sẹ́yìn.

"Àṣìṣe tí wọ́n máa ń ṣe nìyí," ló wí. "Wọ́n á mú fíìmù tó dáa, wọ́n á yọ ìjà inú rẹ̀, wọ́n á sọ ìyókù nù. Èmi fẹ́ kí a ṣe iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ẹ di páàdì yìí mú, ọ̀gá."

Lójú tẹlifísàn, èédú wà níbẹ̀, ṣọ́bìrì wà níbẹ̀. Bí ọ̀gá bá da èédú púpọ̀ síná, ooru á pọ̀ jù, páàdì á máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá da díẹ̀, ọkọ̀ á falẹ̀, àwọn olè á sì máa jìnnà lọ. Ọ̀gá ń làágùn. Bàbá tẹ̀ síwájú lórí àga.

"Dín in kù! Dín èédú kù, ọ̀gá! Ṣé o fẹ́ kó bẹ́ ni?"

"Bàbá, kò gbọ́ tèmi!"

"Fọn fèrè! Màlúù wà lójú irin!"

Gbogbo wọn ń pariwo. Inú Bàbá dùn débi pé ó gbàgbé ohun tó ń bọ̀, àfi ìgbà tí Ìyá Kékeré gba páàdì padà.

"Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ èyí tó dáa jù. Lórí afárá, dandan ni kí awakọ̀ kú. Kò sí bí ẹni tó ń ta á ṣe lè mọ̀ ọ́n ta tó. Wọ́n á sin ín, gbogbo ibẹ̀ á ṣókùnkùn. Kí ẹni tó ń ta géèmù tó sọ pé ó parí, ojú rẹ̀ á là lórí òrùlé ọkọ̀, tòun ti fìlà tuntun!"

Ayàwòrán pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá ò pàtẹ́wọ́.

"Mo rí fíìmù náà yá níbi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ti àtijọ́ sí," ló wí. "Lánàá ni mo wò ó. Ọkùnrin náà ò jí."

"Ó jí, sà."

"Kò jí. Mo wò ó tán."

Ìyá Kékeré rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín ẹni tó mú ẹlẹ́rìí dání. "Ẹ má bínú o, sà. Ìgbà kan ṣoṣo lẹ wò ó. Bàbá àgbà mi yí i ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ. Bóyá ẹ sùn díẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Bàbá lára bí abẹ́rẹ́. Gbogbo wọn yíjú sí i. Ìyá Kékeré ní, "Bàbá àgbà, ẹ sọ fún wọn. Ó jí àbí kò jí?"

Bàbá ní kí wọ́n fún òun lómi. Wọ́n fún un, ó mu ún. Ó béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó wọ ibẹ̀, ó dúró síwájú dígí, ó na ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ omi, omi sì ya fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó fo sẹ́yìn. "Mo gbọ́!" ló sọ fún omi náà. "Mo ti gbọ́!" Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á lé e bá. Tiẹ̀ yìí ti lo ogójì ọdún ó lé, òótọ́ gan-an á ti máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ó nu ọwọ́, ó padà sínú yàrá.

"Kò jí," ni Bàbá wí.

"Ẹ̀n-ẹ́n?" ni Ìyá Kékeré wí.

Ó wá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: àkàsọ̀, agolo, ìdérí, ọmọbìnrin tí ò tilẹ̀ dúró wò ó, fìlà. Nígbà tó dé orí akápò ìjọ, ayàwòrán rẹ́rìn-ín títí àga yíyí fi gbé e ṣubú. Nígbà tó dé orí Télọ̀ àti ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Bàbá àgbà!" Ìyá Kékeré di orí mú. "Mo sọ ọ́ nílé ìwé! Mo bá olùkọ́ jà lé e lórí! Wọ́n fìyà jẹ mí!"

"Má bínú, ìyá mi."

"Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀!"

Ọ̀gá nìkan ni inú rẹ̀ ń dùn. Ó ti dìde, ó ń rìn síwá sẹ́yìn nínú sálúbàtà. "Ẹ dúró ná. Ti Bàbá gan-an ló dáa jù! Inú géèmù, ẹni tó bá kú gbọ́dọ̀ jí. Bàbá ti ṣe géèmù kí wọ́n tó dá géèmù sílẹ̀! Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tòun ti fìlà ọ̀run."

Ó yẹ kí Bàbá dúpẹ́. Wọ́n ti dárí jì í, wọ́n tún fẹ́ fi ìwà ìbàjẹ́ rẹ̀ ṣe nǹkan ńlá, ọmọ ọmọ rẹ̀ á sì borí. Ohun tó gbọ́ tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀ ni, "Rárá."

"Bàbá?"

"Ẹ jẹ́ kó kú! Ó ti kú! Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi ń jí ọkùnrin yẹn, lẹ́ẹ̀mẹta ní Sátidé. Ẹ fi í sílẹ̀ kó sinmi, ó ti rẹ òun náà." Ó dìde lórí àga. "Ṣé ẹ mọ ohun tí mo bàjẹ́? Róòlù kẹfà. Obìnrin yẹn wa rélùwéè lóun nìkan, ẹ̀rù ń bà á, ó sì wà á wálé. Kò sẹ́ni tó wò ó nílùú wa. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wá kiri. Wọ́n ń bi ara wọn pé, 'Níbo ló lọ? Ṣé ó lọ ra nǹkan ni?' Ènìyàn kan ṣoṣo ló sọ pé fíìmù obìnrin náà ni, èmi sì sọ pé ó sùn."

Ìyá Kékeré ò di orí mú mọ́. Ó ń wo páàdì tó wà lórí tábìlì.

"Kó tẹ bọ́tìnnì," ló wí wẹ́rẹ́.

"Ta ni?" ni ọ̀gá béèrè.

"Ẹni tó ń ta géèmù. Ó ti kú lórí afárá, àbí? Ó mọ̀ pé inú géèmù lòun wà, á máa retí pé òun á jí. Kó tẹ bọ́tìnnì. Kó má dìde. Kó tún tẹ̀ ẹ́, kó má dìde. Kó wá rí ọwọ́ mìíràn lójú fèrèsé ibùdókọ̀, ọwọ́ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Kó jẹ́ pé ọwọ́ yẹn ló ń gbọ́ràn sí bọ́tìnnì báyìí. Obìnrin náà ò mọ ṣọ́bìrì í lò. Á kọ́kọ́ da èédú sórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀."

"Kò ní dà á sẹ́sẹ̀," ni ayàwòrán wí láti ilẹ̀. "Ó ti ń wo ọkọ rẹ̀ lójú fèrèsé láti ọjọ́ yìí wá. Ó mọ ṣọ́bìrì í lò jù ú lọ."

"Àwọn ènìyàn máa dá géèmù náà padà," ni ọ̀gá wí. "Wọ́n á ní bọ́tìnnì rẹ̀ bàjẹ́."

"Kí wọ́n dá a padà," ni Bàbá wí.

Wọ́n jiyàn títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù. Ọ̀gá ò gbà, kò sì kọ̀. Ó ní kí Ìyá Kékeré lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí rẹ̀, kí òun rí i. Nígbà tí wọ́n ń jáde, ó ṣì ń sọ fún rùngbọ̀n rẹ̀ pé fìlà ọ̀run yẹn ì bá dáa.

Nínú bọ́ọ̀sì, Ìyá Kékeré ò bá Bàbá sọ̀rọ̀ fún ibùdókọ̀ mẹ́ta gbáko. Bàbá ń wo òde. Ní ẹ̀kẹrin, ó gbọ́ tí nǹkan ń mi àga. Ẹ̀rín ni ọmọ náà ń rín.

"'Ṣé o ò rí i bó ṣe mọ́ ni?'" ló wí, ó sì nu ojú. "Télọ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé ó wà láyé?"

"Ó wà. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

"Ṣé ó mọ̀ pé ẹ ti sọ òótọ́?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ níwájú ènìyàn mẹ́fà."

"Bàbá àgbà, èwo nínú àwọn mẹ́fà yẹn ló pe ọmọ Télọ̀ ní Ọmọ Sùn-ní-Sinimá?"

Bàbá yọ fóònù jáde nínú àpò, ó wo nọ́ńbà ẹ̀kẹrin.

Nígbà tí wọ́n délé, ó jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, ó wọ awò ojú. Oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé. Ó kọ́kọ́ kọ ìkíni gígùn kan, ó kí ìyàwó, ó kí ọmọ, ó kí orúnkún Télọ̀ tó ń dùn ún nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́. Ó kà á, ó rí i pé òun ò tíì sọ nǹkan kan, ó pa á rẹ́. Ó kọ èkejì, ó ní àkàsọ̀ ló yọ̀. Ìyẹn náà rí bí ẹjọ́ àkàsọ̀. Ó pa á rẹ́. Ó kọ ẹ̀kẹta, ìka rẹ̀ kan ṣoṣo ń wá lẹ́tà bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo, kò sì dúró kà á kó tó fi ránṣẹ́:

"Télọ̀, èmi Tanná-Paná ni. Ọkùnrin yẹn ò jí. Ìwọ ò sùn. Èmi ni mo já agolo bọ́ tí mo sì dé ìdérí wọn mọ́ra wọn bó ṣe wù mí. Ọjọ́ kẹta ni mo ti mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa lọ́jọ́ tí mo jókòó síwájú onígbàjámọ̀ tí mo pè ọ́ ní ẹni tó sùn, mo sì mọ̀ ọ́n nígbà tí o gun òkè wá bá mi. Fi èyí han àwọn ọmọ rẹ, pàápàá èyí tí wọ́n bú jù nílé ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣẹ́ kù láàyè lára àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, kà á sí wọn létí, kí o sì pariwo, torí etí wọn á ti di. Fíìmù ìyàwó ni, bí o ṣe wí. Mi ò ní àwáwí kankan. Jọ̀wọ́, forí jì mí."